Láptọ́ọ̀pù géèmù pẹlẹbẹ: Ẹ wo iṣẹ́ yín kí ẹ tó sanwó

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ya fídíò ayẹyẹ bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ṣé kí òun ta láptọ́ọ̀pù géèmù òun tó tóbi bí àpótí, kí òun fowó kún un, kí òun ra pẹlẹbẹ, irú ASUS ROG Zephyrus G14 tàbí Razer Blade. Mo ní kó má tíì tà á. Ìdáhùn náà ò dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń ro irú èrò yìí.

Géèmù ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà fún lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ làwọn oníṣòwò wa ń fi í ṣe: fídíò ìgbéyàwó, àwòrán ilé, bánà. GPU tó lágbára inú rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Pẹlẹbẹ náà sì wuyì, mi ò ní parọ́. G14 ti ọdún 2024 kò ju nǹkan bíi kìlógíráàmù kan àtààbọ̀ lọ. Ẹni tó ń wọ dánfó láti Ìkòròdú dé Lẹ́kí láti lọ fi iṣẹ́ han oníbàárà, èjìká rẹ̀ á dúpẹ́.

Ibi tí wàhálà wà ni ooru. Iná tí GPU bá jẹ ló ń di ooru, ooru yẹn sì gbọ́dọ̀ ríbi jáde. Ara pẹlẹbẹ kò láàyè fún fáànù ńlá, nítorí náà ilé iṣẹ́ tó ṣe é á dín iná tí GPU ń jẹ kù, orúkọ kan náà ló sì máa wà lára páálí. Ẹ wo RTX 4060 ti láptọ́ọ̀pù. Wáàtì 35 sí 115 ni Nvidia fàyè gbà fún un. Méjì lè jókòó lórí tábìlì kan ní Computer Village, kí àwọn méjèèjì máa jẹ́ RTX 4060, kí èyí tó nípọn tí owó rẹ̀ kéré máa sáré ju ọlọ́wọ́n lọ. Ẹ béèrè pé wáàtì mélòó ni. Bí ẹni tó ń tà á ò bá mọ̀, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì rántí bí ṣọ́ọ̀bù ṣe ń gbóná lóṣù kẹta.

Èyí tó ká mi lára jù ni RAM. G14 ti ọdún 2020 ṣì ní ihò kan téèyàn lè fi RAM kún. Nígbà tó di 2024, wọ́n ti jó gbogbo rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀ náà ni Razer Blade 16 ti 2025. Ẹni tó bá ra 16GB, 16GB náà ló máa lò títí. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó nípọn ní ihò méjì: èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 16GB, kó fi kún un nígbà tí owó iṣẹ́ bá wọlé. Bí oníṣòwò kékeré ṣe ń kọ́lé rẹ̀ náà nìyẹn. Látìgbà tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà lóṣù kẹfà ọdún 2023, àṣìṣe lórí ọjà tí wọ́n ń fi dọ́là rà ti di ẹrù.

Ti bátìrì, méjèèjì ò yàtọ̀ púpọ̀. 73Wh ló wà nínú G14 ti 2024; bí ẹ̀rọ bá ń jẹ ọgọ́rùn-ún wáàtì, kò ní tó wákàtí kan. Jẹnẹrétọ̀ ò tíì lọ sílé. Àmọ́ ṣájà USB-C lásán lè gbé pẹlẹbẹ fún iṣẹ́ kékeré, ìyẹn sì wúlò níbi tí inverter ò bá tóbi.

Ẹni tí iṣẹ́ ń gbé káàkiri, kó ra pẹlẹbẹ, kó sì gba 32GB lọ́jọ́ tó ń rà á. Ti ọ̀rẹ́ mi, orí tábìlì kan náà ni láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ní òun á ṣì lọ wò ó. Mo ní kó gbé fídíò iṣẹ́ rẹ̀ kan dání, kó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ lé e lórí fún ogún ìṣẹ́jú níwájú ẹni tó ń tà á, kó máa ṣọ́ bóyá á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá.