Ọkọ̀ tí wọ́n gé sípíríǹgì rẹ̀: ta ni yóò jìyà rẹ̀?

Ẹni tó bá dé etí òkun Fidjrossè ní Kútọnu lọ́jọ́ Àìkú mọ̀ pé kì í ṣe omi nìkan làwọn èèyàn ń wò níbẹ̀. Láti Fidjrossè ni ọ̀nà etí òkun tó lọ sí Ouidah, tí wọ́n ń pè ní Route des Pêches, ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní ọkọ̀ tó dára, ibẹ̀ ni yóò fẹ́ gbé e gbà káyé lè rí i. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ẹni tó ń kọ wá lóminú ni ẹni tó ní kí wẹ́dà gé sípíríǹgì ọkọ̀ òun, kí ikùn ọkọ̀ náà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀ bíi ti àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ tó ń rí lórí fóònù.

Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí ìran wọn ti Mẹ́síkò wá ló sọ àṣà yìí di ńlá ní Los Angeles lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n á ra Chevrolet àlòkù, wọ́n á kó àpò iyanrìn sí búùtù rẹ̀ tàbí kí wọ́n gé sípíríǹgì rẹ̀, wọ́n á wá máa wà á jẹ́ẹ́jẹ́ láàárín ìgboro. Ní 1958, òfin California sọ pé ara ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ kọjá etí ìsàlẹ̀ rííìmù táyà. Ní 1959, Ron Aguirre mú ẹ̀rọ tó ń fi òróró gbé nǹkan sókè lára ọkọ̀ òfurufú, ó fi sínú Corvette rẹ̀. Bó bá fẹ́ ṣe fáàrí, ọkọ̀ á sọ̀ kalẹ̀. Bó bá rí ọlọ́pàá, ọkọ̀ á gòkè. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2024 ni òfin náà tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àwọn tó ni àṣà gan-an wá ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò fi padà sókè. Sípíríǹgì tí a bá ti gé kò ní àbọ̀.

Sípíríǹgì ló ń gbé ọkọ̀ àti èrò inú rẹ̀, òun náà ló ń jẹ́ kí táyà tẹ ilẹ̀ dáadáa nígbà tí kòtò bá dé. Bí wọ́n bá gé e, àyè tó fi ń lọ sókè sódò á dín kù. Irin á máa lu irin, táyà á máa ha ara ọkọ̀, ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì á sì máa gbá ilẹ̀. Bó bá jẹ́ iná wẹ́dà ni wọ́n fi gé e, ooru iná náà á ba agbára irin jẹ́. Bí ẹnu ibi tí wọ́n gé kò bá jókòó re, ó lè yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀ lórí ìrìn.

Ẹ lè bi wá pé, kí ló kan ìyá aláta tó ń wọ takisí láti Dantokpa lọ sí Porto-Novo? Ó kàn án gidigidi. Fáàrí kì í pẹ́ sú ènìyàn. Bó bá ti sú ẹni tó gé e, yóò ta ọkọ̀ náà, ẹni tó rà á sì lè fi ṣe takisí. Àwọ̀ ọkọ̀ àti ohùn ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pọ̀ olùrajà ń wò. Ta ló ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni èrò àti apẹ̀rẹ̀ tòmátì á ṣe gun sípíríǹgì tí kò pé mọ́.

Kí a má sì dá àwọn ọ̀dọ́ nìkan lẹ́bi. Awakọ̀ tó ń fi irin kún sípíríǹgì Peugeot 504 kó lè kó ẹrù ju agbára rẹ̀ lọ kò yàtọ̀ sí wọn. A mọ̀ pé àtijẹ ló ń lé e, àmọ́ kòtò ojú ọ̀nà kò mọ ìyẹn.

A kò ní kí ìjọba gba ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí mẹkáníìkì kọ̀ láti fi iná gé sípíríǹgì. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ òun wálẹ̀, kó ra sípíríǹgì kúkúrú tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ náà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó bá a mu. Kí ẹni tó ń ta ọkọ̀ sọ ohun tó ti ṣe sí i. Kí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò tó ń ra ọkọ̀, ẹ wò bóyá ọ̀tún àti òsì ga bákan náà. Ẹ wo inú táyà bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ló ń jẹ. Ẹ gbé iná wo sípíríǹgì kí ẹ tó kó owó sílẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí a bá sì ń ṣe fáàrí, ẹ jẹ́ ká rántí ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ náà lẹ́yìn wa.