Wọ́n ń fi fèrè sin oúnjẹ tiwọn wọlé, àwa ń fi àmàlà pamọ́

Sábó Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti tọ́ mi, Glasgow ni mo ń gbé báyìí. Òótọ́ kúkú ni ohun tí wọ́n ń sọ nípa àwa ọmọ Ajílété, pé à ń jẹ òkà láàárọ̀ kùtù. Aago méje, àmàlà ti délẹ̀! Tí o bá fi ọwọ́ òsì bù ú, ìgbátí ni wàá kọ́kọ́ jẹ. Tí o bá sì kọjá lára àwọn Hausa tó ń sun súyà láìkí wọn, ẹjọ́ rẹ á ti délé ṣáájú rẹ.

Scotland ńkọ́? Haggis ni wọ́n ń pe tiwọn: ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti fùkù àgùntàn, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ mọ́ oats àti àlùbọ́sà. Látijọ́, inú ikùn àgùntàn náà ni wọ́n ń dì í sí kí wọ́n tó sè é. Orísìírísìí náà ni jàre! Àmọ́ tó bá di January 25, ọjọ́ ìbí Robert Burns, akéwì wọn, fèrè ni wọ́n fi ń sìn ín wọlé. Gbogbo èèyàn á dìde, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ bí ìró á sì ka ewì tí Burns kọ fún un ní 1786. Fún ẹ̀dọ̀ àti fùkù o!

Àwọn òbí tiwa níbí wá ń ṣí fèrèsé kí òórùn àmàlà lè jáde kí ọ̀rẹ́ ọmọ wọn tó dé. Ìtìjú kí nìyẹn? Èmi ò bá wọn ṣe é. Ọ̀rẹ́ ọmọ mi, ọmọ Scotland pọ́ńbélé, lá gbẹ̀gìrì títí abọ́ fi mọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní kí n bu kún un. Mo ní kó kọ́kọ́ pààrọ̀ ọwọ́.