Àdéhùn ni Àkáǹtì Géèmù Náà

Tí o bá ra géèmù bọ́ọ̀lù sórí àkáǹtì PlayStation rẹ, PS5 kan péré ni o lè yàn fún àjọlò lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí rẹ̀, àbúrò rẹ lè fi àkáǹtì tirẹ̀ gbá a. Èyí kò burú. Sony fàyè gbà á. Ṣùgbọ́n kí o wá ta páásíwọ́ọ̀dù kan náà fún ṣọ́ọ̀bù géèmù mẹ́ta láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá? Àdéhùn tí o fọwọ́ sí kọ̀ ọ́. Āyah àkọ́kọ́ nínú Sūratul-Mā’idah sì pàṣẹ pé kí á mú àdéhùn ṣẹ. Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè: àkáǹtì ta ni ọmọ yín ń lò? Kí Ọlọ́hun fi halāl tó wa. Āmīn.