Àyè Fún Òbí Ọmọ Tó Ní Ọ́tísíìmù

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa,

Ọmọ tó ní ọ́tísíìmù kì í ṣe emèrè, kò sì sẹ́ni tó ṣẹ́ èpè fún un; bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yàtọ̀. Ọ̀kan á máa sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà, òmíràn kò ní lè bèèrè omi. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ẹ̀kọ́ jáde fún òbí irú wọn, láti ọmọ ọdún 2 sí 9: ìpàdé 9, olùkọ́ á sì wá sílé lẹ́ẹ̀mẹta, kí òbí lè máa fi eré àti iṣẹ́ ilé kọ́ ọmọ náà.

Ìgbà wo ni dírẹ́bà tó ń jáde ní ìdájí, tàbí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, yóò ráyè kọ́ ọ? Ìyá nìkan la máa ń dá a dá, ìyẹn kò sì tọ́.

Ìgbà 12 péré ni. Kí ẹ̀ka wa béèrè àyè yìí lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá, láìgé owó ẹnikẹ́ni. Ẹni tọ́rọ̀ kàn, kí ó rí akọ̀wé, kí a lè mọ iye wa kí a tó jókòó ìdúnàádúrà.