Ọwọ́ Òsì Oníkíbọ́ọ̀dù Kì í Ṣe Báàsì

Ọgbọ́n tuntun kan wà lóde báyìí láàárín àwọn olórí ẹgbẹ́ akọrin ní Ìlá Ọ̀ràngún àti àwọn ìlú Ìgbómìnà yòókù tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Wọ́n á pe onílù, wọ́n á pe oníkíbọ́ọ̀dù, wọ́n á sì sọ fún oníkíbọ́ọ̀dù pé kó máa fi ọwọ́ òsì ṣe báàsì. Oníbáàsì á jókòó sílé rẹ̀. Ẹnì kan ti dín kù nínú àwọn tó máa pín owó, àyè kan ti ṣí sílẹ̀ nínú mọ́tò, àpótí sípíkà kan kò sì ní wọ bùtù mọ́. Bí ẹ bá bi wọ́n pé báàsì ńkọ́, wọ́n á ní, "Ṣebí ẹ ń gbọ́ ọ."

Oníbáàsì ni mí. Láti ìgbà tí mo ti wọ yunifásítì ni mo ti ń lọ ṣeré ní òpin ọ̀sẹ̀, ìgbéyàwó o, ìsìnkú o, ìkómọ o, àìsùn ṣọ́ọ̀ṣì o. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìkòkò ọbẹ̀ mi ni mò ń gbèjà kò purọ́ mọ́ mi. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní ọdún tó kẹ́yìn ni mí pẹ̀lú. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí sí ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa, dípò kí n lọ bá olórí ẹgbẹ́ kan fa ọ̀rọ̀, ni pé ohun tí wọ́n ń yọ kúrò nínú eré yẹn, ohun tí wọ́n ń kọ́ wa nínú kíláàsì ni.

Owó ló fà á, kí n má ṣàbòsí. Kí ìjọba àpapọ̀ tó kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, iye tí ìjọba fi sí lítà epo bẹntiróòlù kan kò tíì tó ₦200. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹgbẹ́ tó bá ti Ìlá lọ ṣeré ní Ìkirun tàbí Òṣogbo, epo ọ̀nà méjì ló ń rà, ti mọ́tò àti ti jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó pè wọ́n kò sì fi nǹkan kan kún owó tó ń san tẹ́lẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí èèyàn, ẹni tí ìró rẹ̀ kò hàn ketekete bíi ti àwọn yòókù ni yóò kọ́kọ́ yọ. Ìyẹn yé mi. Ohun tí mi ò gbà ni kí wọ́n tún máa sọ pé kò sí ìyàtọ̀.

Ìyàtọ̀ wà, inú ohùn ló sì wà. Láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti mọ dò, re, mí: dò fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún ohùn àárín, mí fún ohùn òkè. "Ẹ ṣé o" jẹ́ re mí re. "Ẹ jókòó" jẹ́ re mí dò mí. Ẹni tó bá gbé báàsì kọ́rùn lè sọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí orin bá wà ní C: dò wà ní irin kẹta lórí okùn A, re ni okùn D tí a kò tẹ̀ rárá, mí sì wà ní irin kejì lórí okùn D yẹn kan náà. Ìka méjì péré, gbólóhùn ti parí. Mo rántí ìgbéyàwó kan tí alága ìjókòó ti bẹ àwọn èèyàn títí pé kí wọ́n jókòó, tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Mo fi báàsì tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ìyá tó wà níwájú bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì jókòó.

Ṣùgbọ́n dò re mí yẹn, àkàbà tí a fi ń kọ́ ọmọdé ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu gan-an kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn òkè tó bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í fò gòkè, ṣe ló ń yọ́ gòkè. Ẹ pe "ìwé" tàbí "ọ̀rẹ́" kí ẹ gbọ́ ọ. Ohùn ìsàlẹ̀ tó bá tẹ̀lé ohùn òkè náà ń yọ́ bọ̀ wá sílẹ̀ ni, bíi nínú "pákò". Bí gbólóhùn bá sì ti ń gùn, tí ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn, ohùn òkè tó wà ní ìparí kì í ga tó èyí tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi Praat wo gbólóhùn Yorùbá kan rí ti rí ìlà náà bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọ̀nà odò. (Ẹ̀yin tó bá fẹ́ fi Praat wo báàsì, ẹ má gbàgbé láti yí ìdíwọ̀n rẹ̀ padà o. Èyí tí mò ń lò kì í wá ohùn tó bá wà nísàlẹ̀ 75 Hz, nítorí ohùn èèyàn ni Boersma àti Weenink ní lọ́kàn ní Amsterdam nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Okùn E tèmi, 41 Hz ni.)

Ìyáàlù mọ gbogbo èyí. Bí ọwọ́ onílù bá ti ń fún awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ara rẹ̀ ni ohùn ń yọ́. Báàsì náà lè ṣe é, torí pé ìka lè yọ́ lórí okùn. Kíbọ́ọ̀dù ńkọ́? Ibi tí ẹ bá tẹ̀ ló máa dún, kò sí nǹkan kan láàárín èyí tí ẹ tẹ̀ àti èyí tó tẹ̀lé e. Àwọn oníkíbọ́ọ̀dù máa ń rán mi létí pé àgbá róbótó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí èèyàn lè yí kí ìró máa yọ́. Òótọ́ ni. Apá òsì ló wà. Ọwọ́ òsì ló ń yí i. Ọwọ́ òsì yẹn kan náà ni wọ́n sì ti ní kó máa ṣe báàsì.

Nítorí yíyọ́ yìí ni mo ṣe yọ gbogbo irin ara gìtá mi. Tòkunbọ̀ ni. Mo fi irin ajólẹ́ẹ̀dì gbóná irin kọ̀ọ̀kan kí gọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀ lè rọ̀, mo fi ẹ̀mú fà á jáde díẹ̀díẹ̀ kí igi má bàa ya, mo wá fi ìyẹ̀fun igi láti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà àti gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ dí ojú ihò. Irú nǹkan tí Jaco Pastorius ṣe sí báàsì tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé irin yẹn gan-an ni Leo Fender fi ta ọjà rẹ̀ ní 1951: ó pe báàsì náà ní Precision nítorí pé irin kò ní jẹ́ kí ìka ṣìnà. Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, nǹkan tó dáa lo fowó rà, lo wá ń bà jẹ́." Mo ní, "Mọ́mì, ẹ ṣe sùúrù kí ẹ gbọ́ ọ ná." Wọ́n gbọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ kejì. Wọ́n ní ó ń dún bí ẹni tó ń sunkún. Mo gbà á bí ìyìn.

Títún nǹkan ṣe kì í tán lọ́wọ́ oníbáàsì ìgbèríko. Okùn báàsì wọ́n gan-an, nítorí náà mo máa ń sè é nínú omi bí ẹni ń se ẹyin. Òógùn àti ìdọ̀tí tó há sáàárín wáyà tí wọ́n wé mọ́ ọn á yọ, ìró á sì tún mọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. (Kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ tí mo ní mò ń gbèjà ni mo fi ń sè é o.) Ti iná ló tún le jù. Mágínẹ́ẹ̀tì wà lára gìtá tí wọ́n fi wáyà kọ́pà tín-ín-rín wé, òun ló ń sọ gbígbọ̀n okùn di iná. Ṣùgbọ́n wáyà náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín okùn mi àti jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn àgọ́. Iná wa níbí, 50 Hz ni. G tó wà ní irin kẹta lórí okùn E, 49 Hz ni. Ìyẹn ni pé jẹnẹrétọ̀ ń bá wa kọ G láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru, ó sì ń fi díẹ̀ ga jù. Àwọn kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní "I better pass my neighbour" ní láti yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó lè mú 50 Hz wá. Bí ẹnì kan bá lọ ki kẹ́tùlù bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ á mí helehele, gílóòbù á ṣe bàìbàì, G náà á sì rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Mo fi bébà fàdákà tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ bo inú ihò gìtá mi kí ariwo yẹn lè dín kù. Lẹ́ẹ̀dì kì í lẹ̀ mọ́ irú bébà bẹ́ẹ̀, torí náà ìdè onísíkúrù ni mo fi de wáyà mọ́ ọn.

Àwọn kan á ní, pẹ̀lú irú sípíkà tí wọ́n ń háyà fún wa, ta ló tiẹ̀ ń gbọ́ 41 Hz? Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ lóòótọ́. Púpọ̀ nínú àwọn sípíkà yẹn kò lè gbé e jáde. Síbẹ̀ wọ́n ń gbọ́ E. Okùn kì í dún ní 41 nìkan, ó ń dún ní 82, ní 123, ní 164 lẹ́ẹ̀kan náà, etí á sì fi àwọn yẹn ṣírò èyí tí kò sí níbẹ̀. Bí a ṣe ń gbọ́ ohùn bàbá wa lórí fóònù àtijọ́ náà nìyẹn: 300 sí 3,400 Hz ni wáyà fóònù ń gbé, ohùn ọkùnrin sì wà ní nǹkan bíi 100 sí 150, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó pe bàbá rẹ̀ tó rò pé ọmọdé ló gbé e. Ìró tó wà nísàlẹ̀ kì í sọnù bó bá ṣáà ti ní ẹni tó ń ta á dáadáa.

Àwíjàre tó lágbára jù lọ, ẹnu àwọn oníbáàsì fúnra wọn ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní iṣẹ́ báàsì ni láti gbé kọ́ọ̀dù ró, pé bí mo bá ń sọ "ẹ jókòó" káàkiri, olórin kò ní mọ ibi tó máa fẹsẹ̀ lé. Wọ́n jàre dé ààyè kan. Níbi tí olórin bá ti ń kọrin, kí báàsì dúró ti kọ́ọ̀dù. Ibi tó bá ti mí ni tiwa. Ohun tí mò ń rí ni pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti fi ààyè yẹn kún fún eré sísá tí wọ́n kọ́ lórí YouTube lọ́dọ̀ àwọn oníbáàsì ṣọ́ọ̀ṣì Amẹ́ríkà. Ó dùn ún gbọ́, ọwọ́ wọn yá ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá bi wọ́n pé kí lẹ sọ, wọn ò ní rí nǹkan kan tọ́ka sí.

Ohùn ìsàlẹ̀ tó ń bá ọ̀rọ̀ lọ kì í ṣe àjèjì sí wa kí gìtá tó dé. Agídìgbo ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn nínú àpàlà Haruna Ishola. Ẹgbẹ́ agídìgbo ni Fatai Rolling Dollar ní, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Ebenezer Obey ti kọ́ṣẹ́ kó tó dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964. Bàbá onílù kan wà ní Ìlá tí mo máa ń lọ jókòó tì. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn lọ́jọ́ kan, mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi gbọ́ eléyìí." Mo ta á tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ náà pé. Ṣùgbọ́n o ò mí. Bí ìlù ò bá mí, ìgbà wo lẹni tó ń jó máa dá a lóhùn?" Nínú gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ nípa gbólóhùn àti ìdánudúró ní ọdún mẹ́rin, mi ò tíì gbọ́ èyí tó mọ́ jù ú lọ.

Ẹ̀yin tó ń wá àkọlé iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ jọ̀ọ́, ó tó gẹ́ẹ́ lórí "ìyídà ìró nínú ọ̀rọ̀ àyálò". T. K. E. Phillips ti kọ ìwé lórí orin Yorùbá àti ohùn ní 1953. Akin Euba kọ ti ìlù dùndún, Christopher Waterman kọ ti jùjú, méjèèjì ní 1990. Nínú àwọn àkọlé tí mo ti rí ní ẹ̀ka wa, kò sí ọ̀kan tó gbé etí sí báàsì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ohùn wà lórí kọ̀ǹpútà gbogbo wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá sí àìsùn kan ní Òkè-Ìlá, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ kó máa gba ohùn, ẹ máa rí dátà tí ẹ ò ní lò tán.

Ẹ̀yin àgbà wa tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tí ẹ ń bọ̀ wálé wá sìnkú, wá ṣègbéyàwó, ọ̀rọ̀ yín rọrùn. Kí ẹ tó san àsansílẹ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin, ẹ bi olórí wọn pé, "Ta ni oníbáàsì yín?" Bó bá ní kíbọ́ọ̀dù ló máa ṣe é, ẹ bi í iye tí owó mọ́tò ẹnì kan jẹ́ láti Ìlá débẹ̀, kí ẹ fi kún un, kí ẹ sì dúkòókò lé e lórí pé owó oníbáàsì ni. Bí jẹnẹrétọ̀ bá sì wà, ẹ sọ fún alásè kó má ki kẹ́tùlù bọ̀ ọ́.