Ta Ni Màlúù Tí Kò Nírù?

Ẹni tó bá ti dúró ti agbo màlúù rí ní káàrà á ti rí i pé ìrù wọn kì í sinmi. Eṣinṣin bà sí ìdí, ìrù ti débẹ̀. Ó ṣí lọ sí ẹ̀gbẹ́, ìrù tún bá a níbẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbà wá ní màlúù tí kò nírù, Olúwa ní ń bá a léṣinṣin, ìyà tó dájú ni wọ́n ń sọ. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan tó ń sin màlúù fún wàrà máa ń gé ìrù ẹran wọn tẹ́lẹ̀, nítorí ìmọ́tótó ni wọ́n wí. Àwọn olùwádìí tó ṣàyẹ̀wò ọ̀rọ̀ náà rí i pé eṣinṣin máa ń bo ìdí àwọn tí wọ́n gé nírù ju ti àwọn tí ìrù wọn pé lọ.

Síbẹ̀, màlúù tí kò nírù kì í dùbúlẹ̀ kó máa wojú ọ̀run. Á gbọn etí. Á ju orí sẹ́yìn, á fẹsẹ̀ janlẹ̀, á mi awọ ara rẹ̀ rìrì níbi tí eṣinṣin bà sí. Á sì máa jẹko lọ ní tirẹ̀, títí lékèélékèé á fi dé, tí yóò máa ṣa kòkòrò jẹ nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀ àti lára rẹ̀. Ibi tí etí, orí, ẹsẹ̀ àti awọ kò tó ni òwe fi lé Olúwa lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń fo apá yìí dá nígbà tí wọ́n bá ń pa òwe náà.

Bí èèyàn bá fẹ́ rí òwe náà lójúkojú, kó lọ sí ilé ìwòsàn àwọn aláboyún lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, káàdì lọ́wọ́. Kí nọ́ọ̀sì tó pe orúkọ ẹnikẹ́ni, orin ni yóò kọ́kọ́ dá. Àtẹ́wọ́ á máa dún, ẹni tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù mẹ́jọ á rọra máa mi èjìká níjòókòó. Nọ́ọ̀sì á gbàdúrà pé wẹ́rẹ́ ni wọ́n á sọ̀, pé tọmọ-tìyá ni yóò yè. Onígbàgbọ́ á ṣe àmín lórúkọ Jésù, Mùsùlùmí á ṣe àmín, á fọwọ́ pa ojú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n á yẹ ìtọ̀ wò, tí wọ́n á gun ẹni tó yẹ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ẹni tó bá ní wọ́n ń fi orin yẹn fi àkókò ṣòfò kò tíì jókòó ti obìnrin tó ń ronú ìkúnlẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀rù náà tóbi, ó sì nídìí. Ìṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi hàn pé bíi obìnrin 75,000 ni oyún tàbí ìbímọ gbẹ̀mí wọn ní Nàìjíríà lọ́dún 2023 nìkan, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ láyé. Obìnrin tó bá gbé ẹ̀rù yìí wá nílò ibi tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Ara pàápàá ń jẹ́rìí sí ìtùnú tó wà nínú àdúrà. Lọ́dún 2001, Luciano Bernardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ. Wọ́n ní kí àgbàlagbà 23 tí ara wọn le máa ka àdúrà ìlẹ̀kẹ̀ àwọn Kátólíìkì ní èdè Látìn. Bí wọ́n ṣe ń kà á, èémí wọn ń falẹ̀, títí ó fi di bí ẹ̀ẹ̀mẹfà ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ èèyàn tó jókòó jẹ́ẹ́ a máa mí tó ẹ̀ẹ̀méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá àgbà tó ń fa tẹ̀sùbáà lẹ́yìn ìrun àsùbáà kò dúró de ẹni tó máa wọn èémí rẹ̀ kó tó mọ̀ pé ọkàn òun ti rọlẹ̀.

Ìgbà kan wà tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ màlúù tí kò nírù. Ní September 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àjàkálẹ̀ àrùn infuluẹ́ńsà wọ Èkó. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sì tíì sí oògùn apakòkòrò tí wọ́n lè fi wo òtútù àyà tó ń tẹ̀ lé e. Àwọn dókítà òyìnbó gan-an ò mọ ohun tí wọn ì bá ṣe. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Joseph Ṣadare kó àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan jọ fún àdúrà, olùkọ́ obìnrin kan, Sophia Ọdúnlámì, sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìjọ Aládùúrà ti hù. Nígbà tó di 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ti wa rólà títì fún ìjọba rí, ń gbàdúrà ní Òkè-Oòyè nílùú Iléṣà, èrò sì ń wọ́ tọ̀ ọ́ láti ọ̀nà jíjìn.

Ọ̀rọ̀ wá yí padà nígbà tí ìrù hù. Àwọn míṣọ́nnárì Àpọ́sítólíìkì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Bìrìtéènì ní 1931 ń lo kuiníìnì nítorí ibà. Àwọn aṣáájú ìjọ Aládùúrà níbí tó dara pọ̀ mọ́ wọn gbà pé ẹni tó bá gba Ọlọ́run gbọ́ kò gbọdọ̀ lo oògùn rárá. Ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tó tú wọn ká, tí ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) fi dá dúró. Ìgbàgbọ́ àwọn bàbá náà kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ tì. Ẹni tó rí ikú 1918, tó sì rí àdúrà di mú, kò ní tètè jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí kóró oògùn kan. Ṣùgbọ́n ìrù ni kuiníìnì, òwe wa kò sì bá màlúù tó nírù wí.

Iná ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kú. Títí di òní, wọ́n ń gbàdúrà fún aláboyún pé kó bí bí obìnrin Hébérù, pé abẹ kò ní kan ara rẹ̀. Àdúrà rere ni, ta ni kò fẹ́ bí wẹ́rẹ́? Ibi tó ti ń dààmú ni ìgbà tí dókítà bá sọ pé ọmọ dábùú, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ ìyá ti ru jù, tí obìnrin náà wá ń rò pé bí òun bá gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, òun ti da ìgbàgbọ́ nù. Àwọn mìíràn á sá kúrò nílé ìwòsàn lọ sí ilé àgbẹ̀bí. Àdúrà tó yẹ kó tù ú nínú ti di ẹrù lé e lórí. Pásítọ̀ tàbí àlùfáà tó bá fẹ́ràn rẹ̀ gbọ́dọ̀ là á yé e, kí ìrọbí tó mú un, pé ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ náà wà lára ọ̀nà tí àdúrà fi ń gbà.

Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù pẹ̀lú, àdúrà Istikhara wà fún ẹni tó dé oríta. Á kí ìrun rákà méjì, á ní kí Ọlọ́hun yan èyí tó dára fún òun. Àwọn kan rò pé àlá ló kù tí wọ́n á máa dúró dè. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń kọ́ni ni pé kí ẹni náà bi àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà léèrè, kó sì mú ọ̀nà tó bá là pọ̀n. Bí tọkọtaya bá ń ṣiyèméjì nípa ibi tí wọ́n máa bímọ sí, dókítà àti nọ́ọ̀sì wà lára àwọn tó yẹ kí wọ́n bi.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó gbìyànjú nǹkan kan tó yẹ ní àfiyèsí. Lẹ́yìn ètò Abíyè tí ìjọba Olúṣẹ́gun Mímíkò bẹ̀rẹ̀ ní 2009, wọ́n gbé ètò Agbẹ̀bíyè dìde fún àwọn ìyá àgbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ti ilé ìjọsìn. Wọn ò lé wọn, wọn ò sì pè wọ́n ní òpè. Wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́ mìíràn, wọ́n sì ń fún wọn lẹ́bùn nígbà náà fún aláboyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú wá sílé ìwòsàn. Ìyá àgbẹ̀bí tó ti gbàdúrà fún obìnrin láti oṣù kẹta lè dúró tì í níbẹ̀ kó máa bá a gbàdúrà lọ. Ohun tí ilé àgbẹ̀bí kọ̀ọ̀kan nílò báyìí kò le: nọ́ńbà awakọ̀ tó lè dìde lóru, ọ̀nà ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn jù, àti orúkọ ẹni méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá ti aláboyún mu, kí wọ́n ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí oṣù rẹ̀ tó pé.