Ìbànújẹ́ Tí Ń Wọ Inú Ọkàn: Ọ̀rọ̀ Àwọn Ìyá Etíkun Ìlàjẹ

Nígbà tí òkun bá gbé ilé lọ ní Ayétòrò, ilé ni àwọn ènìyàn ń kà. Wọn kì í ka ọkàn. Ìlú yìí, tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947, ti pàdánù ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé sínú omi, ìgbì kò sì tíì dẹ́kun. Obìnrin tí ń yan ẹja, tí ń sá edé, tí ń bọ́ ọmọ, ni ó ń kó ẹrù sẹ́yìn léraléra. Bí a bá béèrè àlàáfíà rẹ̀, yóò ní orí ń gbóná, àyà ń já òun, oorun kò sì wá. Oògùn ibà ni wọn yóò rà fún un. Ní ọdún 1987, oníṣègùn ọpọlọ R. O. A. Makanjuola kọ̀wé nípa irú àròyé bẹ́ẹ̀, èyí tí Yorùbá ń pè ní ọdẹ orí. Ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí ìpayà ni ó sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀.

Èdè Yorùbá kò ya ọkàn tí ń ronú kúrò lára ọkàn tí ń lù nínú àyà. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ó pẹ́ kí ìmọ̀ ìṣègùn tó bá wọn níbẹ̀. Ní ọdún 1993, Nancy Frasure-Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montreal ní ilẹ̀ Kánádà ṣe ìròyìn nípa aláìsàn 222 tí àìsàn ọkàn kọlù lójijì: láàrin oṣù mẹ́fà, ikú pọ̀ jù láàrin àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú. Ìwádìí INTERHEART ti ọdún 2004, tí a ṣe ní orílẹ̀-èdè 52, ka ìnira ọkàn mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti sìgá mímu.

Ìrẹ̀wẹ̀sì tí ó bá pẹ́ a máa mú ara múra ogun níbi tí kò sí ogun. Ẹ̀jẹ̀ a ru, a sì tètè dì nínú iṣan. Aláìsàn náà kò sùn, kò rántí oògùn rẹ̀. Bí àìsàn ọkàn bá sì dé, ó lè má jẹ́ àyà dídùn nìkan: èémí kúkúrú, àárẹ̀, èébì, ẹ̀yìn tàbí àgbọ̀n dídùn wọ́pọ̀ lára obìnrin.

Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Japan ṣàpèjúwe irú kan ní ọdún 1990, wọ́n pè é ní takotsubo. Ìkòkò tí apẹja wọn fi ń mú ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni takotsubo, bí ìgèrè ti jẹ́ fún apẹja Ìlàjẹ. Bí ìròyìn ikú tàbí ẹ̀rù ńlá bá dé lójijì, apá òsì ọkàn a wú nísàlẹ̀, ọrùn rẹ̀ a sì tín-ín-rín bí ti ìkòkò náà, kò ní lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa. Nínú mẹ́wàá tí ó ń ṣe, bíi mẹ́sàn-án ni obìnrin, pàápàá àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dúró. Ara ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yá láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀; àwọn mìíràn ń kú. Nítorí náà, bí àwọn ará etíkun bá ní ìbànújẹ́ ni ó pa opó kan, ọ̀rọ̀ wọn lè má jẹ́ àsọdùn.

Àwọn kan wà tí wọn yóò pa á láṣẹ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé kí ó dákẹ́, kí ó fi ìgbàgbọ́ kún ìgbàgbọ́. Ànábì Yàkúbù sunkún nítorí ọmọ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi funfun, bí Súrà Yúsúfù ti sọ. Ẹni tí ó bá ń pe ìrẹ̀wẹ̀sì ní àìgbàgbọ́ yóò kọ́kọ́ bá Yàkúbù ṣe ẹjọ́.

Ìtọ́jú wà, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi òtítọ́ pamọ́. Ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2003, fi hàn pé ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì lẹ́yìn ìkọlù àìsàn ọkàn ń dín ìrẹ̀wẹ̀sì kù, kò sì dín ikú kù. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀kan kò lè rọ́pò èkejì. Ọ̀dọ́ tí ó bá ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìgbọ́kọ̀dá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó sọ fún oníṣègùn pẹ̀lú pé ìyá náà kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ tí òkun ti gbé ilé rẹ̀.